Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin àtijọ́ wa ń wó lọ: ẹ̀yin tí ẹ ti tún ilé amọ̀ ṣe rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ààfin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé. Ìlú wa kò tóbi, ojú ọ̀nà Ìkọ̀lé la wà. Lẹ́yìn ààfin tuntun tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin àtijọ́ wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó yí àgbàlá ká lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó gbígbẹ́ méje ló sì ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí páànù apá kan lọ. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń rọ̀ sórí ògiri ibẹ̀, tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ya lulẹ̀ lóru, òpó kan sì ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Kábíyèsí ti fọwọ́ sí i pé ká tún un kọ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti dá owó díẹ̀ jọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé agbaṣẹ́ṣe tí a kọ́kọ́ pè kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀ tó fi ní ká wó gbogbo rẹ̀ pátá, ká fi búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án gbé e dìde, ká lẹ táìsì mọ́ ọn. Ó ní ká fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kun àwọn òpó. Àwọn àgbà kan ti ń mi orí sí i pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí oorun sùn mọ́. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n ti parí ìjà ilẹ̀ láàárín ìran bàbá mi àti aládùúgbò wọn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ọba nígbà tí ìyá mi pọ̀n mí lọ.

Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ẹni tó mọ amọ̀ mọ ṣì wà? Báwo la ó sì ṣe ti àwọn òpó yìí?

Ayàwòrán Ilé, Adó

Ẹ kú làálàá ìlú. Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí búlọ́ọ̀kù. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kàn wá tapólì bo ibi tí òrùlé ti ṣí. Ẹ fi igi gbé e sókè kó má lẹ̀ mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wé e mọ́ ògiri bí ẹni wé àkàrà, ọ̀rinrin á há sínú, ẹ ó tún pàdánù òmíràn. Ẹ la gọ́tà kékeré kí omi àgbàlá má bàa dúró sí ẹsẹ̀ ògiri.

Ẹ má kó amọ̀ tó ya lulẹ̀ dànù o! Òun gan-an lẹ máa fi mọ ọ́n padà. Ẹ kó o jọ síbi kan, kí ẹ bò ó.

Bí ẹ bá ti bo ilé tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ẹ kọjú sí ògiri kọ̀ọ̀kan gan-an kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi igi tí ẹ ti sàmì ẹsẹ̀ bàtà sí lára dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó lẹ́yìn ogún ọdún lè mọ bó ṣe ga tó. Òpó kọ̀ọ̀kan, igi àjà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára pátákó wẹ́wẹ́, kí ẹ fi okùn so ó. Ẹ má kọ ọ̀dà sára igi.

Ẹ tún kọ̀wé sí National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgbàṣẹ. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: ìwé ìkéde kò tó láti gba ilé là. Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó, ilé irú tàwọn àgùdà tó ti Brazil padà dé, tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Isu tiwa níbí ni Alfred Omolona Ọláìyá tó rà á ní 1933, bàbá Victor Ọláìyá tó fi fèrè gbajúmọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ kò pẹ́ sígbà náà, mi ò lè wo ojú ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ilé wọn.

Bíríkìlà Àgbà, Ìjerò

Mo kí gbogbo ilé. Bíríkìlà ni mí, ọmọ bíríkìlà. Bàbá mi ti ń mọ amọ̀ kí búlọ́ọ̀kù tó dé àdúgbò wa.

Símẹ́ńtì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi amọ̀ mọ ọ́n, ká wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè le." Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, atẹ́gùn á sì tún fà á kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi símẹ́ńtì dí i lójú, omi tó wọlé kò ní rọ́nà jáde. Ojú ògiri á dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti di ẹrẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Ilé ìyá mi ni mo fi símẹ́ńtì rẹ́, mo rò pé ìtọ́jú ìyá ni mò ń ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, ìsàlẹ̀ ògiri ti ṣófo débi pé ọmọ ewúrẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Títí mi ò fi ní sí mọ́, ó máa dùn mí.

Bí wọ́n bá ti rẹ́ símẹ́ńtì sí apá tí kò tíì wó, ẹ fi ìka kàn án. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti ya kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Ẹ fi òòlù kékeré ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá, ẹ má gbé òòlù ńlá sí i. Kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó gbẹ kí ẹ tó fi amọ̀ dí i.

Ní ti amọ̀ fúnra rẹ̀: èyí tó ya lulẹ̀ kò ní tó, ẹ ó wá kún un. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi dúdú tí gbòǹgbò wà, títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa. Ẹ bù ú sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ gbé e kalẹ̀ dọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè. Ẹ ṣe bákan náà fún amọ̀ ara ògiri àtijọ́, kí ẹ gbé ìgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó bá jọ ọ́ jù lẹ máa lò. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri á sán. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, á máa hó dànù.

Ẹ pò ó, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó rà dáadáa, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i kó má bàa sán. Ìpele kan kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ ní gíga. Kó gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e lórí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Ibi tí ògiri tuntun ti máa pàdé ti àtijọ́, ẹ gé e bí àtẹ̀gùn kí wọ́n lè dì mọ́ra, kí ẹ sì wọ́n omi sí i kí ẹ tó lẹ amọ̀ tuntun mọ́ ọn. Ẹ fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ kó ga kúrò nílẹ̀, kí omi tó ń ta láti etí páànù má bàa máa bà á. Èkìtì la wà, òkúta kì í wọ́n wa. Kí etí òrùlé sì yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Oṣù kọkànlá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá ti dá. Kí páànù ti wà lórí rẹ̀ kí oṣù kẹta tó dé.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí. Mọ́ṣáláṣí amọ̀ ńlá tó wà ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Màlì, ọdún 1907 ni wọ́n tún un kọ́ tán. Ó ṣì dúró títí dòní nítorí pé lọ́dọọdún ni ará ìlú, tọmọdé tàgbà, ń jáde wá fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ẹ bi ara yín ní ìpàdé bóyá ìlú yín lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní máa padà wá síbẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ ìṣílé, wàhálà lásán lẹ ń ṣe.

Ọ̀dọ́ Ìlú

Ìlú kan náà ni èmi àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n kò yé mi. A ò ní ọ̀nà tó dáa, ẹ̀rọ omi ìlú kò ṣiṣẹ́, ẹ wá fẹ́ ká kó owó lé ògiri amọ̀ tí a ó tún máa rẹ́ lọ́dọọdún? Àwọn ìlú tó yí wa ká ń kọ́ ààfin tó ń dán. Bí àlejò bá dé, ojú á tì wá. Bí a bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, tí a ya àwòrán òpó sí i lára, ṣé kò ní jẹ́ ìrántí náà ni?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò, ìbéèrè rẹ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ.

Níbi tí mò ń gbé yìí, mo máa ń mú àwọn ọmọ mi lọ sí British Museum láti lọ wo ilẹ̀kùn ààfin wa. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924 wọ́n gbé e wá sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, àwọn òyìnbó fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn yẹn, ẹ ó rí Ògògà lórí ìtẹ́, ẹ ó rí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbé nínú àga, àti àwọn tó ru ẹrù tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga ju ọba lọ. Òpó náà ga tó mítà kan àbọ̀. Àwọn èèyàn ń sanwó wọlé lọ wò ó.

Ọmọbìnrin mi bi mí pé, "Dádì, ilé tí ilẹ̀kùn yìí wà lára rẹ̀ ńkọ́?" Ẹnu mi wúwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí láago méjì òru. Ìwọ ṣì ní òpó méje pẹ̀lú ilé tí wọ́n wà lára rẹ̀, àbúrò. Èmi ò mọ àlejò tó máa rìn láti Èkó wá wo táìsì.

Ní ti pé ó máa ná wa lówó àti àkókò, òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, iná jó ibojì àwọn ọba Buganda ní Kasubi, ní Ùgáńdà, ilé koríko ràgàjì kan. Wọn ò fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bo koríko, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ sábẹ́ wọn kọ́ṣẹ́. Ọdún 2023 ni àjọ àgbáyé UNESCO tó yọ ọ́ kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá tó wà nínú ewu. Ọdún mẹ́tàlá! Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ náà báyìí.

Ọ̀dọ́ Ìlú

Mo ti gbọ́, bọ̀dá. Mi ò mọ̀ pé tiwa ló wà lọ́hùn-ún.

Agbẹ́gilére

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti òpó, torí àṣìṣe ibẹ̀ kì í ní àtúnṣe.

Èyí tó ṣubú, ẹ má gbé e sínú oòrùn. Igi tó ti mumi, bí oòrùn bá ká a mọ́ lójijì, á là láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí igi méjì nínú yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀, kí ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹrẹ̀ ara rẹ̀ bá gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ máa fi gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á nítorí ikán. Ọ̀dà góòlù tí agbaṣẹ́ṣe yẹn dárúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ inú àgbàlá. Àwọ̀ àtijọ́ ṣì lè wà nínú kòtò ojú fínfín wọ̀nyẹn, bí ọ̀dà tuntun bá bò ó, ó tán nìyẹn.

Àwọn mẹ́fà tó dúró, ẹ wò ó bóyá òrùlé wà lórí wọn lóòótọ́ tàbí igi mìíràn ló gbé e. Ẹ fi igi ti òrùlé kí ẹ tó mi òpó kankan. Ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni ikán àti omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba ìsàlẹ̀ ló jẹrà, ibẹ̀ nìkan lẹ máa gé, ẹ ó fi ìrókò tó gbẹ dáadáa so ó, ẹ ó sì gbé e ka orí òkúta, kó má fara kan ilẹ̀ mọ́. Èyí tó bá sọnù pátápátá, ẹ gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére tó wà láàyè. Kó gbẹ́ tirẹ̀, kó sì fín ọdún tó gbẹ́ ẹ sí ìdí rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má bàa rò pé ti àtijọ́ ni.

Ẹ wádìí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ má kàn gbà pé Ọlọ́wẹ̀ ni, gbogbo òpó tó bá dára lóde òní ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Agbọnbiofẹ gbẹ́ ti ààfin Ẹ̀fọ̀n kó tó kú ní 1945. Ní Ọ̀yẹ́, láàárín 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll ṣí ibi iṣẹ́ kan tí Bandele ọmọ Arówógun àti Lamidi Fákẹ́yẹ ti gbẹ́gi. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe jẹun, láti ibẹ̀ ló ti ṣàn dé ọwọ́ ọ̀gá mi.

Ohun tó kù ni olè. Àwọn tó ń ra ère kiri máa gbọ́ pé òpó kan ti wà nílẹ̀. Ẹ tì í mọ́ inú ilé Kábíyèsí, kí fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn bíi mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nílẹ̀ yìí láìgbàṣẹ ti rú òfin.

Ìyá Ìbejì, Ìdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ògiri, ẹ gbàgbé ilẹ̀. Ta ló ń ṣe ilẹ̀ ààfin? Àwọn obìnrin ni. Wọ́n á lu ilẹ̀ náà kó le, wọ́n á fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ tí á máa dán. Ọmọdé ni mí nígbà tí mò ń bá ìyá ìyá mi ru omi rẹ̀. Bí ẹ bá da símẹ́ńtì sílẹ̀ àgbàlá, omi tó yẹ kó máa rin inú ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ògiri ni yóò gbà. Ẹ wá àwọn ìyá tó bá ṣì wà nílé, kí ẹ má pe ọkùnrin nìkan sí ìpàdé yẹn.

Ẹ tún gbé fóònù síwájú àwọn àgbà, kí wọ́n dárúkọ igun kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń pè é. Kí ẹ kọ ọ́ ní èdè wa gan-an. Bí wọ́n bá pè é ní "ulé", ẹ kọ "ulé", ẹ má sọ ọ́ di "ilé". Ọlọ́wẹ̀ tí ẹ ń dárúkọ yẹn, 1938 ló kú, ó di 1988 kí wọ́n tó gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Àádọ́ta ọdún. Ká ní ìyá yẹn ti kú ńkọ́?

Akápò Ẹgbẹ́

Kúkúrú ni tèmi. Ẹ má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìpele-ìpele ni kí ẹ máa san án bí ògiri ṣe ń gòkè. Ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lónìí fún rírẹ́ ọdún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kó wà nínú àpò tí èèyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí. Ẹ lẹ ìṣirò mọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin kí ẹni tó dá igba náírà náà lè rí i kà. Ní ìlú tiwa, gbọ̀ngàn ìlú kò kọjá ìpìlẹ̀ nítorí àìṣe èyí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ààfin

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí bébà, mo kà á síwájú Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ní alẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ bọ̀dá wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Kábíyèsí ní kí n tún un kà. Wọ́n ní kí á dá agbaṣẹ́ṣe yẹn dúró.

Tapólì ti wà lókè. Òpó tó ṣubú wà ní yàrá kan nínú ààfin, ó ń gbẹ ní ìrọ̀rùn. A yẹ ẹsẹ̀ àwọn yòókù wò: méjì ti jẹrà níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mẹ́rin ṣì le. Ọ̀dọ́ Ìlú tó bá wa jiyàn níbí ló ya gbogbo fọ́tò, òun náà ló so nọ́ńbà mọ́ igi àjà, ó tó mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyá mẹ́ta ló kù nílé tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ilẹ̀. Èyí tó dàgbà jù kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n gbé àga sí àgbàlá fún òun, òun á máa fi ọ̀pá júwe.

Kí oṣù kọkànlá tó dé, a fẹ́ ṣa amọ̀ jọ, ká kó òkúta ìpìlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé yìí la máa bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà Àgbà, ẹ ṣèlérí lórí fóònù pé ẹ máa wá fojú ara yín wò ó. Ṣé ọjọ́ Jímọ̀ ni kí á máa retí yín, àbí òwúrọ̀ Sátidé? Kí n lè sọ nílé kí wọ́n gún iyán dè yín.

Bíríkìlà Àgbà, Ìjerò

Jímọ̀ ni. Mo fẹ́ rí ògiri náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá ìgò mímọ́ gaara méjì sílẹ̀ dè mí.